Ta Ló Pa Ilà Ojú Ìyá Wa Rẹ́?

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni o, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìsìnkú rú mọ́ wa lọ́wọ́.

Nígbà tí ìyá wa àgbà papò dà ní 2024, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí ó wà ní London ni wọ́n gba iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ṣe. Wọ́n ṣe é tẹ́wọ́gbà. Ìwé náà nípọn, ó ń dán, orin wà níbẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé màmá wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé fọ́tò kan sí iwájú rẹ̀, èyí tí màmá yà ní Ìbàdàn ní 1961, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá bàbá wa ní ìlú òyìnbó. A kó ìwé dé Ìbàdàn, a pín in. Àbúrò màmá, ẹni ọgọ́rin ọdún, gba tiwọn. Wọ́n mú awò wọn jáde, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì bi wá pé:

"Ta nìyí?"

A kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń yọ Bàbá lẹ́nu. A ní, "Bàbá, màmá ni. Fọ́tò tí wọ́n yà kí wọ́n tó lọ sí London ni."

Bàbá mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àbàjà. Mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Níbo ni ẹ kó ilà ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ?"

Ni gbogbo wa bá tẹjú mọ́ ìwé. Òótọ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá ń dán kọ̀ọ̀rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Àwa tí a dàgbà lẹ́yìn wọn, tí a máa ń fi ìka tọ ilà yẹn nígbà tí wọ́n bá pọ̀n wá tàbí tí wọ́n gbé wa lé ẹsẹ̀, a ti wo ìwé náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. A wá àṣìkọ nínú orúkọ, a wá àṣìkọ nínú ọjọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó rí i pé ojú tí ó wà níwájú ìwé kì í ṣe ojú màmá mọ́. Èyí ló dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ fọ́tò náà bí ọdẹ ti í tọ ipasẹ̀ ẹran. Ọ̀dọ̀ àbúrò wa obìnrin kan ní Peckham ni álíbọ́ọ̀mù ẹbí wà, irú àwọn èyí tí ojú ìwé wọn ní gọ́ọ̀mù, tí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lórí. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni ẹ ní irú rẹ̀ nílé. Gọ́ọ̀mù yẹn ti gbá fọ́tò mú, kò ṣeé yọ mọ́. Ọmọ àbúrò wa fi fóònù yà á láti orí ọ̀rá, pẹ̀lú iná yàrá tí ó ń kọ mànà lójú ọ̀rá náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston gbà á, ó gé àwọn tí ó dúró ti màmá kúrò. Ó ní màmá nìkan la fẹ́ sin. Ó dá a padà sójú ìtàkùrọ̀sọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan nínú wa, tí ó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó, gbé e sínú ẹ̀rọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ń tún ògbólógbòó fọ́tò ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Fọ́tò tí ó ti ṣá, tí ó ti ká láwẹ́láwẹ́, jáde bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A ṣàdúrà fún ọmọ náà pé yóò gbayì láwùjọ.

Nígbà tí a pè é láti Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gidigidi. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹkù. Mo rò pé ibi tí fọ́tò náà ti ká ni."

A kò bá a wí. Ta ni yóò bá a wí? Ìfẹ́ ló fi ṣe é, àwa àgbà tí ojú wa mọ màmá la sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà àti irú rẹ̀ gbogbo tọ́ sí àríwísí, nítorí pé ó ti di àṣà láàárín wa nísinsìnyí: kò sí ìsìnkú, kò sí ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, tí ẹnì kan kì í mú fọ́tò àtijọ́ tí ó ti di mèremère jáde. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ MyHeritage ti gbé ètò wọn jáde ní 2021, èyí tí ó ń mú kí òkú inú fọ́tò máa ṣẹ́jú, kí ó máa yí orí, a ti rí i tí àwọn ìyá tí kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò láyé wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú fóònù wa. Àwọn kan sunkún nígbà tí wọ́n rí i. A kò dá wọn lẹ́bi. Àwa fúnra wa kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ti ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wọ ìyá náà.

Ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní àtúnṣe yìí gan-an ló ń tàn wá jẹ. Bí bàtà bá já, tí a gbé e fún aránbàtà, bàtà wa náà ni yóò dá padà fún wa. Ẹ̀rọ yìí kò rán nǹkan kan. Ó wo ojú tí kò hàn dáadáa, ó sì ya ojú mìíràn lé e lórí, láti inú àwọn ojú tí ó ti rí rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni GFPGAN, tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Tencent gbé jáde ní 2021. Àkójọ ojú 70,000 tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA tẹ̀ jáde ní 2019 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Níbo ni NVIDIA ti rí ojú 70,000? Orí Flickr ni, níbi tí àwọn ènìyàn ń kó fọ́tò ara wọn sí láti 2004. Àwọn tí ó kó àkójọ náà jọ kò sì parọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojúsàájú yòówù tí ó bá wà lórí Flickr wà nínú iṣẹ́ wọn. Nínú ojú 70,000 bẹ́ẹ̀, mélòó ni ẹ rò pé yóò ní àbàjà? Ohun tí ẹ̀rọ kò rí rí, àléébù ni ó kà á sí. Ó rí ìlà mẹ́ta lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin, ó sì rí ìlà tí ó wà lára ìwé fọ́tò tí ó ti ká. Kò mọ èwo ni iṣẹ́ olóòlà, kò mọ èwo ni iṣẹ́ ọjọ́ orí. Ó nu méjèèjì kúrò.

Bẹ́ẹ̀, òun nìkan kọ́ ló ń ṣe irú èyí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níhìn-ín ní àwọn ọdún 1970, ẹ lọ wo fọ́tò kíláàsì yín. Àwọn ọmọ òyìnbó hàn kedere dé orí ìpéǹpéjú. Ọmọ Yorùbá tí ó dúró lẹ́yìn, eyín àti ojú funfun nìkan ló kù. Káàdì tí Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ń fọ fíìmù, kí wọ́n lè mọ àwọ̀ tí ó tọ́, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onígi fi ẹjọ́ sùn pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Nítorí ṣokoléètì o, kì í ṣe nítorí ọmọ yín. Ní 2015, Google Photos pe àwọn aláwọ̀ dúdú méjì ní ìnàkí, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ohun tí wọ́n fi wo àrùn náà ni pé wọ́n yọ orúkọ ìnàkí kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ lè dá mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀rọ kan mọ ojú, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ojú ta ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ilà fi ká wa lára nìyí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka ilà kíkọ sí ara ọmọ léèwọ̀, àwa náà kò sì sọ pé kí a dá ọmọ padà sábẹ́ abẹ olóòlà. Kí á má rí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà tí ó ní in bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú fọ́tò nìkan ni àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ àti túre yóò kù sí. Samuel Johnson ya irú wọn sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ó sì wúlò púpọ̀. Síbẹ̀, ìlà tí a fi pẹ́ẹ̀nì fà lórí ìwé kò lè fi hàn wá bí àbàjà ti ń ṣe nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ìyá yín lè fi hàn yín, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti "tún un ṣe".

Ẹnì kan lè sọ pé, ẹ̀yin arúgbó yìí, ṣé àwọn ayafọ́tò tiwa kò pa ojú fọ́tò dà rí ni? Wọ́n pa á dà, wọ́n tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìyà fọ́tò, ayafọ́tò lè ya èyí tí ó wà láyé, kí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ọ̀kan tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó wà láyé, wọn a yà á, wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Fọ́tò yìí sì lè dúró sí ibi tí ère ìbejì ìbá dúró sí, kí wọ́n máa ṣe ètùtù tí ó yẹ fún un.

Ṣé irọ́ ni fọ́tò ìbejì yẹn ń pa? Lójú tiwa, kò parọ́ kankan. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí ayafọ́tò ṣe. Àwọn ló ní kí ó ṣe é. Ìyá ọmọ mọ̀, bàbá ọmọ mọ̀, ọmọ tí ó wọ aṣọ méjì náà mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó wà, tí ikú kò jẹ́ kí ó wà, ni wọ́n fi kún un. Ẹ̀rọ ti ọmọ wa yọ ohun tí ó wà kúrò, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ayafọ́tò ìgbà náà bá fi pẹ́ńsùlù pa ojú nẹ́gátíìfù lára láti mú kí awọ ara dán, yóò ya ilà sílẹ̀, nítorí ọmọ ìlú ni òun náà, ó mọ̀ pé bí ilà bá kúrò, ẹni náà kò ní sanwó.

Sprague tún kọ nípa bí àwọn àgbà ti máa ń jókòó fún fọ́tò, àwa náà sì mọ ìjókòó yìí dáadáa: wọn a kọjú síwájú gbọnrangandan, wọn a gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọn a tẹ́ aṣọ kí ó gba àyè. Àwọn ọmọ wa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tí ìyá àgbà fi le koko báyìí. Wọn kò le koko. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń sọ fún ẹni tí yóò wò ó pé èmi nìyí, ojú mi nìyí, ilà mi nìyí, aṣọ tí mo ní nìyí, àwọn tí ó dúró tì mí nìyí. Ìdí nìyí tí gígé tí ẹ̀gbọ́n wa gé fọ́tò ní Houston fi burú tó ohun tí ẹ̀rọ ṣe. A ó padà sórí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a fẹnu ba ọ̀rọ̀ àwọn àká tí à ń kó fọ́tò sí. WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń lò, ó sì dára fún kíkí ara ẹni. Àká kọ́ ni. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, yóò fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, yóò sì yọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á tí fóònù kọ pamọ́ sínú rẹ̀ dànù. Láti 2023 wọ́n ti fi àǹfààní kan sí i pé kí ẹ yan èyí tí ó mọ́ jù, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn màmá wa ló ń tẹ ibẹ̀? Bí fọ́tò bá ṣe pàtàkì, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí àwòrán. Bí ó bá ti rí kúrò lọ́wọ́ yín náà ni yóò ṣe dé ọ̀hún. Àwọn tí ó ń gba fọ́tò wọlé, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n tún ń fi ránṣẹ́, tí ẹlòmíràn tún ń ya ojú fóònù rẹ̀, àwọn wọ̀nyí dà bí ẹni tí ń bu omi sí ọtí ẹmu títí tí yóò fi di omi pátápátá.

Ti ọ̀fẹ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ilé-iṣẹ́ Kodak ní ibi ìkófọ́tòsí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tì í ní 2012, ọdún tí Kodak fúnra rẹ̀ wọ gbèsè. Ní 2017, Photobucket sọ fún àwọn tí ó ti ń fi fọ́tò wọn hàn níbòmíràn láti ibẹ̀ pé kí wọ́n san nǹkan bí 400 dọ́là lọ́dún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán wọn yóò pòórá níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní 2019, Flickr, tí ó ti ṣèlérí àyè ńláńlá tẹ́lẹ̀, dín ti ọ̀fẹ́ kù sí fọ́tò 1,000, ó sì ní òun yóò máa pa èyí tí ó bá lé rẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Myspace kéde pé àwọn fọ́tò àti orin tí àwọn ènìyàn ti kó síbẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Google Photos sọ ní 2015 pé kò sí iye tí ènìyàn kò lè kó wá. Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n ní gígábáìtì 15 ni, pẹ̀lú lẹ́tà yín nínú rẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2023 sì ni Google ti lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo fọ́tò inú rẹ̀.

Ẹ ronú sí ti ìkẹyìn yẹn. Bàbá kan kú ní Birmingham. Ọmọ kan wà ní Toronto, ọ̀kan wà ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan kò bá èkejì sọ̀rọ̀. Páásíwọ́ọ̀dù bàbá wà nínú orí bàbá. Kí wọ́n tó sìnkú, kí wọ́n tó parí ìjà ilé, kí ẹnì kan tó rántí pé fọ́tò wà níbì kan, ọdún méjì ti pé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà tí kò le: láti 2013 ni Google ti ní àyè tí ẹ lè fi orúkọ ẹni tí yóò jogún sí, Facebook ní tirẹ̀ láti 2015, Apple ní tirẹ̀ láti 2021. Àwa kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ogún nígbà tí olówó ṣì wà láyé, a máa ń pè é ní èèmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lónìí, kí ẹ tó lọ jẹun alẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan rèé lórí Facebook: ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé fọ́tò òkú síbẹ̀ pẹ̀lú iná àbẹ́là kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó gbọ́, ẹ jọ̀wọ́, àwọn àgbà kì í túfọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará wa ní Bahia mọ orúkọ Pierre Verger, Fátúmbí, ọmọ Faransé tí ó dé Salvador ní 1946 tí kò sì padà sẹ́yìn mọ́, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Brazil àti ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ó kú ní 1996, ṣùgbọ́n láti 1988 ló ti dá àjọ kan sílẹ̀ nínú ilé tí ó ń gbé ní Salvador, nẹ́gátíìfù tí ó lé ní 60,000 sì wà níbẹ̀ títí di òní. Kò sí ẹ̀rọ tí ó ṣe èyí fún un. Ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ ló pinnu, nígbà tí ó ṣì wà láyé, ibi tí yóò wà àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹbí yín kò ní 60,000. Páálí méjì ni ẹ ní, bóyá mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ kó páálí náà jáde. Ẹ má ṣe fi agbára ya fọ́tò kúrò lórí gọ́ọ̀mù. Ẹ ká ọ̀rá sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yà á níbi tí ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lójúmọmọ, láìtan iná. Èyí tí ó bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ síkáànà, kí ẹ yan 600 sí íǹṣì kan. Fọ́tò oníṣì mẹ́rin sí mẹ́fà yóò fún yín ní 2,400 sí 3,600, ó sì tó láti tẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ yín, kí ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ ń sanwó fún, kí ọ̀kan wà nílùú mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí kì í bá yín jà. Bí ọmọ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ dán an, ẹ̀dà ni kí ó fún ẹ̀rọ, kí ó sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ẹ̀rọ ti fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó gbé e padà, ẹ yí i. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. A kò mọ ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń ya iwájú nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni oǹtẹ̀ ayafọ́tò wà, ẹ̀yìn ni ọjọ́ wà, ẹ̀yìn ni àwọn òbí wa máa ń kọ̀wé sí nígbà tí wọ́n bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti London sílé. Ẹ̀rọ lè to àwọn tí ojú wọn jọra sínú ọ̀wọ́ kan, ó sì lè bi yín pé ṣé ẹnì kan náà nìyí. Kò lè bi yín pé ta ni ó pọ̀n ọ́n, ta ni ó ra aṣọ yẹn fún un, kí ni oríkì rẹ̀. Ẹ pe àgbà tí ó kù, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kí ó máa gba ohùn wọn, kí ẹ sì tọ́ka sí ojú kọ̀ọ̀kan. Àwa kò ṣe é nígbà tí màmá wà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sórí àga kan náà ní Peckham, lẹ́gbẹ̀ẹ́ álíbọ́ọ̀mù yẹn gan-an.

Kí a tó kúrò ní Ìbàdàn, Bàbá rán ọmọ-ọmọ wọn kan wọ yàrá. Ó gbé agolo bísíkíìtì kan jáde, tí ìpata ti bò ní ìdí. Inú rẹ̀ ni fọ́tò 1961 wà, èyí tí màmá fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Kò ká, kò ṣá ju bí ó ti yẹ lọ. Àbàjà mẹ́ta wà lápá ọ̀tún, mẹ́ta wà lápá òsì, ó hàn ketekete. Oǹtẹ̀ ayafọ́tò wà lẹ́yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà, yíǹkì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ọwọ́ màmá sì wà lábẹ́ rẹ̀ pé: Fún àbúrò mi ọ̀wọ́n, máa kàwé rẹ.

Fọ́tò náà pé, ẹnikẹ́ni kò gé e. Lápá òsì màmá, ọmọkùnrin kan dúró, ó wọ aṣọ ilé-ìwé, ó na ara bí ẹni pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ní London, "ẹnì kan ní ilé wọn" la máa ń pè é. Bàbá gbé ìka lé e. "Èmi nìyí," wọ́n ní. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ń sọ fún wa ni. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìka lé ọmọbìnrin kékeré tí ó wà ní ìkángun, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ki í dé ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n ní òun ni ó ń ru igbá aṣọ màmá dé Lagos lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń gbéra, ibà ló sì pa á kí ọdún náà tó yí po. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

A bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí a mú fọ́tò náà wá sí London, kí a lọ fi ẹ̀rọ dáadáa yà á. Wọ́n wò wá. Wọ́n ní kí a yà á níbẹ̀, ní ẹ̀hìnkùlé, kí oòrùn tó wọ̀, kí a yà á níwájú, kí a yà á lẹ́yìn, kí a sì dá a padà sínú agolo.